Ẹsẹ̀ Tí Kò Dun Ni Mọ́

Ní ọdún tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn, Japheth dúró láàrin ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé bàbá wa ní Bẹ́yẹrúnkà, ó na ìka sí ìyá mi, ó ní òun rí i tí ó ń ri oògùn mọ́ ẹnu ọ̀nà ìyálé rẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí itọ́ tí ó gbé mì kí ó tó sọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn a máa sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ tí ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ yẹ kí ó ti kúrò lọ́kàn mi. Mo máa ń bi wọ́n bóyá ìyá tiwọn ni wọ́n lé jáde.

Ọmọ bàbá kan náà ni èmi àti Japheth. Àdùkẹ́ ni ìyá rẹ̀, òun ni ìyálé. Àjọkẹ́ ni ìyá mi. Bàbá wa, Oyèdélé, kì í ṣe onígbàgbọ́, ṣùgbọ́n ó rí i pé ayé ń yí, ó sì fi àwa méjèèjì sí ilé ẹ̀kọ́ ìjọ. Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Japheth, tí wọ́n sì sọ èmi ní Hezekiah. N kò lo orúkọ yẹn mọ́. Adégòkè tí wọ́n sọ mí nílé ni mo ń jẹ́.

Ẹsẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ẹsẹ̀ Àdùkẹ́ ń jó o. Kò sí egbò níbẹ̀, kò wú, ojú kò rí nǹkan kan lára rẹ̀, síbẹ̀ ó ń ké pé ẹyin iná ni òun ń tẹ̀. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, yóò ti ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú àwo omi, yóò máa mì síwá sẹ́yìn bí ẹni tí ń rẹ ọmọ. Aṣọ kò gbọdọ̀ kàn án. Wọ́n pe oníṣègùn kan wá. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó ní oògùn ni ó tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní ẹni tí ó ri oògùn náà kò jìnnà, inú ilé ni ó wà, àti pé ọjọ́ tí orúkọ rẹ̀ bá jáde lẹ́nu ẹni tí ó rí i ni ẹsẹ̀ yóò dákẹ́.

Bàbá kó gbogbo ilé jọ. Ó ní, "Ta ló rí nǹkan?" Olúkúlùkù ń wo ilẹ̀. Ó tún béèrè. Nígbà náà ni Japheth sọ ohun tí ó sọ.

Ìyá mi kúnlẹ̀. Ó ní kí wọ́n gbé irin wá kí òun fi eyín gé e, kí Ògún pa òun bí òun bá mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Wọ́n wú ẹnu ọ̀nà náà, wọn kò bá nǹkan kan níbẹ̀ ju àfọ́kù ìkòkò lọ, irú àfọ́kù tí ó wà nínú ilẹ̀ gbogbo ilé ní Ìbàdàn. Oníṣègùn ní ìyẹn náà tó. Bàbá mi ní kí ìyá mi kó ẹrù rẹ̀. Ó kó o. Mo tẹ̀lé e. Bàbá ránṣẹ́ sí mi pé bí n kò bá padà, ìwé mi ti parí. Mo ní kí ó parí. Kíláàsì kejì ni mo wà, mo sì mọ̀wé ju Japheth lọ.

Èyí tí ó ba ìyá mi jẹ́ pátápátá ni pé lẹ́yìn tí a lọ tán, ẹsẹ̀ Àdùkẹ́ dákẹ́ lóòótọ́. Ó jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, iná ti kú. Wọ́n ní ó jó yí àgbàlá ká. Gbogbo àwọn tí wọ́n ti ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀, ọkàn wọn balẹ̀ wàyí: bí Àjọkẹ́ kò bá jẹ̀bi, kí ló dé tí ìrora lọ nígbà tí òun lọ? Nígbà tí Àdùkẹ́ wá fi ẹsẹ̀ kan náà tẹ ẹ̀ṣẹ́ná nídìí ààrò, tí egbò rẹ̀ kò jinná, tí ó rà, tí ó sì pa á, wọ́n ní oògùn ti wọ eegun kí orúkọ tó jáde.

Ilé bàbá ìyá mi wà lẹ́yìn Ọjà'ba. Láti ibẹ̀ sí Bẹ́yẹrúnkà, kò jìnnà, ènìyàn lè gbọ́ igbe ẹni tí wọ́n ń nà. Ṣùgbọ́n ìyá mi kò tún ẹsẹ̀ bọ ibẹ̀. Bí ó bá ní ohun tí yóò ṣe ní Bẹẹrẹ, yóò lọ yí ìdí òkè Mápó. Bí ó bá sì ń kọjá lọ nínú ọjà, mo rí àwọn obìnrin tí wọ́n jókòó ti ọjà wọn, wọn a máa ká ẹsẹ̀ wọn wọlé. Wọn kì í sọ̀rọ̀. Wọn a kàn ká a wọlé, bí ẹni tí ejò ń kọjá níwájú rẹ̀. Ìyá mi a sì máa kí wọn.

Arákùnrin ìyá mi tí ó ń hun aṣọ òfì ni ó gbà mí sí ìdí iṣẹ́. Iṣẹ́ náà ni mo ń ṣe títí mo fi di onílé, tí mo fẹ́ Kúlúsúmù, tí a bí Ràbíátù àti àwọn àbúrò rẹ̀. Japheth ní tirẹ̀ kàwé tán, ó di tíṣà, ó di bàbá ìjọ, bàbá wa kú, ó di olórí ilé. N kò lọ síbi òkú bàbá wa. Wọ́n ránṣẹ́, mo ní mo ń hun aṣọ.

Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ni ẹsẹ̀ tèmi bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ ìka ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Ó ń ta mí ṣín-ín, ó ń ta mí ṣín-ín, bí ẹni tí èèrùn ń ta. Mo wo ibẹ̀, kò sí nǹkan. Ó gun àtẹ́lẹsẹ̀. Ó di iná.

Mo pe ìyàwó mi. "Kúlúsúmù, ta ló da ata sórí ẹní yìí?"

"Ata kẹ̀? Ta ló ń jẹ ata lórí ẹní, Bàbá Ràbíátù? Ẹ dìde kí n wò ó."

Ó gbọn ẹní náà. Kò sí ata. Ó wo ojú mi, ó wo ẹsẹ̀ mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti gbọ́ ìtàn Àdùkẹ́ kí ó tó fẹ́ mi. Ta ni kò gbọ́ ọ ní Ọjà'ba?

Mo ní kí ó má sọ fún ìyá mi. Ohun tí ayé yóò wí ni mo ń sá fún. Wọn yóò ní oògùn ti padà sílé olóògùn. Àwọn tí wọ́n ti ń gbàgbé yóò rántí, àwọn ọmọ tí kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ yóò kọ́ ọ. Nítorí náà mo ń dá a fara dà. Mo ń fi òrí pa ẹsẹ̀. Mo ń fi àdí pa á. Mo ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́ ara ògiri amọ̀ nítorí pé ògiri tutù. N kò lè fi aṣọ bò ó, àní bí ọyẹ́ bá mú. Ìyókù ara mi yóò máa gbọ̀n, ẹsẹ̀ nìkan ni yóò wà níta tí yóò máa jó. Mo ra bàtà onígi lọ́wọ́ àwọn Hausa, kò ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá jókòó sídìí òfì, okùn ìtẹsẹ̀ tí a ń há sáàrin ọmọ ìka láti fi ṣí òwú sókè, bí ẹni há abẹ síbẹ̀ ni. Mo ń hun, omijé ń bọ́ sórí aṣọ tí ẹlòmíràn yóò fi gbéyàwó.

Ìyá mi ni ó ká mi mọ́ ibẹ̀. Mo ti ti ẹsẹ̀ bọ inú àwo omi lẹ́yìn ilé ní ìrọ̀lẹ́, mo di ojú. Nígbà tí mo la ojú, ó dúró sí ọwọ́ òsì mi, ó ń wo àwo náà. Etí rẹ̀ ti wúwo nígbà náà, ojú rẹ̀ ni ó fi ń gbọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan.

"Ó ti pẹ́ tó?" ni ó bi mí.

"Kò pẹ́."

"Ó pẹ́. Ara rẹ ti ń yọ́." Ó jókòó sórí òkúta. "Wọ́n á ní èmi ni."

"Ẹ má dá wọn lóhùn, Ìyá."

Kò gbọ́ mi. Ó ń tọ́ka sí ìdí ògiri tí mo máa ń tọ̀ sí. "Lọ wo ibẹ̀ yẹn. Èèrà ti bò ó. Bẹ́ẹ̀ ni ti ìyálé mi rí gan-an. Èmi ni mo máa ń bu eérú sí i fún un lówùúrọ̀, torí ojú ń tì í." Ó yí ojú padà sí mi. "Obìnrin tí wọ́n ní mo fẹ́ pa nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ èèrà yẹn ni mo gbé lọ sí ọsibítù ní Yemetú. N kò fẹ́ràn ọsibítù, n kò sì fẹ́ràn òyìnbó, ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tí ó so èmi àti Àdùkẹ́ pọ̀ nígbà tí kò sí ẹ̀jẹ̀ láàrin wa. Dókítà òyìnbó ní kí n tọ̀ sínú ìgò. Nọ́ọ̀sì kan tí ń jẹ́ Bertha, obìnrin gbọọrọ tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, ni ó ń túmọ̀.

"Bàbá, ìtọ̀ ṣúgà ni. Àtọ̀gbẹ. Ṣúgà pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ yín, ó ń bá ìtọ̀ jáde, ohun tí èèrà ń wá nìyẹn. Òun náà ló ń jẹ iṣan ẹsẹ̀ yín."

"N kì í jẹ ṣúgà. Ìgbà wo ni mo rí ṣúgà jẹ?"

"Ẹ kì í jẹ iyán? Ẹ kì í jẹ ẹ̀kọ? Ẹ kì í jẹ ọkà?"

"Ta ni kì í jẹ ẹ́?"

"Ẹ̀yin. Láti òní lọ."

Bí ó ṣe sọ ọ́ nìyẹn, kò tilẹ̀ bẹ̀ mí. Wọ́n ní kí n máa jẹ ẹ̀fọ́, ẹran, ẹja, àti ẹ̀wà níwọ̀nba. Wọ́n ní kí n máa wá gba abẹ́rẹ́ ní àràárọ̀. Nǹkan funfun kan wà tí mo tún ń gbé mì nítorí ìrora, ó ń jẹ mí nínú, ẹsẹ̀ kò sì gbọ́ tirẹ̀.

Jẹ́ kí n sọ ti abẹ́rẹ́ náà bí ó ti rí, nítorí àwọn kan ń rò pé bí ènìyàn bá ti gba abẹ́rẹ́ òyìnbó, ó parí. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ìtọ̀ mi dínkù, òùngbẹ dínkù, ara mi bẹ̀rẹ̀ sí padà. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀! Bí ẹni bu epo sí iná. Mo ké débi tí àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ mi fi gbé òfì tiwọn jìnnà sí mi. Nọ́ọ̀sì ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan ní ìbẹ̀rẹ̀, kí n mú sùúrù. Mo ní kí ó bá mi bọ́ ẹsẹ̀ náà, kí ó gbé e wọ ara rẹ̀, kí òun náà fi mú sùúrù. Ó rẹ́rìn-ín, ó gún mi ní abẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ kan tí mo gba abẹ́rẹ́ tí n kò tètè jẹun, ìgbà tí mo dé Bẹẹrẹ ni òógùn bò mí, ara mi ń gbọ̀n, ojú mi ṣú, ebi kan tí n kò mọ irú rẹ̀ rí gbá mi mú. Mo jókòó sílẹ̀ lójú títì. Ẹnì kan tí ó mọ̀ mí sáré padà lọ bi wọ́n ní ọsibítù, wọ́n ní kí ó po ṣúgà sínú omi fún mi kíá. Ṣúgà tí wọ́n ní n kò gbọdọ̀ fẹnu kàn, òun náà ni wọ́n ń rọ sí mi lọ́fun. Kúlúsúmù gbọ́ ọ, ó ní, "Oògùn kí lèyí, Bàbá Ràbíátù? Ó ń pa yín sọ́tùn-ún, ó ń pa yín sósì." Mo ṣáà ń lọ. Olórí kunkun ni mí, bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ nǹkan, n kì í jẹ́ kí nǹkan náà rí ẹ̀yìn mi.

Nígbà tí ó yá, ìrora náà bẹ̀rẹ̀ sí lọ. Ó kọ́kọ́ fi ọmọ ìka sílẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ sílẹ̀, ó di òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo na ẹsẹ̀ sórí ẹní, kò sí iná. Mo jó. Mo gbé Ràbíátù jó. Ìyá mi ń pàtẹ́wọ́, Kúlúsúmù ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní èdè Lárúbáwá. Nídìí òfì lọ́jọ́ náà, ìtẹsẹ̀ bọ́ láàrin ọmọ ìka mi, n kò mọ̀, mo hun aṣọ tó bàjẹ́ títí ẹgbẹ́ mi kan fi kígbe mọ́ mi. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní àṣejù ayọ̀ ni.

Mo sáré lọ sọ fún Nọ́ọ̀sì Bertha.

Kò bá mi yọ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó. Ẹ di ojú yín. Mo fẹ́ fi abẹ́rẹ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ yín. Bí mo bá ti kàn án, kí ẹ wí."

Mo di ojú. Mo ń retí.

"Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀?" ni mo wí.

"Ẹ la ojú."

Mo la ojú. Ẹ̀jẹ̀ wà lójú ibi mélòó kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ mi, ó ṣe tótó-tótó bí ọ̀ṣọ́.

"Bàbá, kò sàn," ni ó wí, ohùn rẹ̀ rọ̀ ju bó ti máa ń rí lọ. "Ó kú ni. Abẹ́rẹ́ yìí ń dá ṣúgà dúró, ṣùgbọ́n iṣan tí ń gbé ìrora ti bàjẹ́ kí ẹ tó wá. Ẹ máa wo ẹsẹ̀ yín lójoojúmọ́, torí bí nǹkan bá ṣe é, kò ní pè yín mọ́. Ó lè jẹ́ pé iná ni ẹ tẹ̀, ẹ ò ní mọ̀. Ibi tí ó ti ń pa ènìyàn nìyẹn."

Ó yẹ kí n máa ronú ẹsẹ̀ mi. Kì í ṣe ẹsẹ̀ mi ni mo ń rò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bẹ́yẹrúnkà ni mo ń wò, Àdùkẹ́ tí ń jó yí àgbàlá ká, ìyá mi tí ó gbé igbá ẹrù rẹ̀ lórí. Ẹsẹ̀ obìnrin náà kò sàn nítorí pé wọ́n lé ìyá mi. Ó kú ni. Ì báà jẹ́ ewúrẹ́ ni wọ́n lé jáde lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ yóò dákẹ́.

N kò padà sílé. Láti Yemetú, mo gba Bẹẹrẹ, mo gba ibi tí àwọn alágbẹ̀dẹ wà, mo wọ Bẹ́yẹrúnkà, mo wọ ilé bàbá mi tí n kò wọ̀ láti ìgbà èwe mi.

Japheth wà lórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó wọ awò ojú. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ilẹ̀ náà. Rachel ìyàwó rẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Gòkè?" ó dìde. "Ṣé kò sí o? Ṣé Ìyá wà?"

"Ìyá wà. Ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ ni mo bá wá."

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìtọ̀, èèrà, iṣan, ìrora tó jó títí tó fi jó iṣan fúnra rẹ̀ tán. Bí mo ti ń sọ ọ́, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún, ó ń nù ún.

"Ọlọ́run ti dárí ji gbogbo wa," ni ó wí nígbà tí mo dákẹ́.

"Ta ló bẹ̀ Ẹ́?"

"Gòkè."

"Mo ní ta ló bẹ̀ Ẹ́? Ìyá mi ni ẹ ṣẹ̀, Ọlọ́run ni ẹ lọ ń bẹ̀. Ọ̀nà Ọ̀run ni ẹ mọ̀, ẹ ò mọ ọ̀nà Ọjà'ba?"

Rachel ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra, àwọn ọmọ ń gbọ́."

"Kí wọ́n gbọ́. Àwọn ọmọ ló máa ń sọ̀rọ̀ nínú ilé yìí."

Japheth gbé ojú sókè. "Ọmọdé ni mí nígbà náà. Mo sọ ohun tí mo rí."

"Kí lẹ rí?"

Ó tún ń nu awò ojú rẹ̀.

"Bùọ̀dá Japheth, ọwọ́ wo ni ìyá mi fi gbẹ́ ilẹ̀? Aṣọ wo ló wọ̀? Kí lẹ rí?"

Rachel ni ó ké. "Yéè! Ẹ̀jẹ̀! Ẹ wo ilẹ̀!"

Mo wo ilẹ̀. Láti ẹnu ọ̀nà títí dé ibi tí mo dúró, ẹ̀jẹ̀ ni. Mo gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè: irin kan tí ó gùn tó ìka ti wọ àtẹ́lẹsẹ̀ mi dé orí. N kò wọ bàtà; ọ̀dọ̀ àwọn alágbẹ̀dẹ ni yóò jẹ́. Mo ti gbé e rìn láti ibẹ̀, mo gbé e dúró, mo ń fi í bá Japheth jà, n kò mọ̀.

Japheth fi ẹ̀yìn ti ògiri. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ẹni tí ó rí òkú tí ó jókòó. Ó la ẹnu. Mo rò pé yóò sọ ọ́. Ó yí padà, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Mo fa irin náà yọ, mo já aṣọ di ẹsẹ̀. Rachel fẹ́ ràn mí lọ́wọ́. Mo ní kí ó má fọwọ́ kàn mí.

Egbò náà kò jinná. Wọ́n ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń dì í, ó ń dúdú. Òórùn rẹ̀ gba yàrá. Àwọn tí ń wá kí mi a jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Dókítà wò ó, ó ní wọn yóò gé ẹsẹ̀ náà láti ìsàlẹ̀ orúnkún, àti pé kí a má fi falẹ̀. Mo ní rárá. Mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sílé.

Kúlúsúmù bú sẹ́kún. "Ìkà wo ni ẹ fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara yín ṣe? Wọ́n ní bí wọn ò bá gé e, á gun òkè!"

"Kí ó máa gùn. Ní ọjọ́ tí Japheth bá sọ òótọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó ti pa irọ́, lójú ìyá mi, n ó na ẹsẹ̀ fún wọn."

"Bí kò bá wá ńkọ́?"

"Á wá gbé òkú mi."

Ìyá mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹní mi. Ó tẹ̀ síwájú láti wo ẹnu mi. "Adégòkè, mo ti ń gbé e láti ìgbà yẹn, n kò kú. Jẹ́ kí wọ́n gé e. Èmi ni mo ni ẹ̀sín náà, mo ti mọ bí wọ́n ń rù ú."

"Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ ń rù ú, Ìyá," ni mo wí. Mo yí ojú sí ògiri.

Kúlúsúmù kò bá mi jiyàn mọ́. Ó wé gèlè, ó lọ sí Bẹ́yẹrúnkà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà Japheth. Rachel gbé àga fún un, kò gbà. Wọ́n gbé oúnjẹ, kò jẹ. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wọlé tàbí tí ń jáde, ohun kan náà ni ó ń sọ fún un: "Ẹ lé ìyá. Ẹ fẹ́ pa ọmọ." Japheth fẹ́ lọ sí ìpàdé ìjọ, ó ní láti kọjá lára rẹ̀. Kò lè kọjá.

Ó bá Kúlúsúmù wá. Nígbà tí ó dé ẹnu ọ̀nà yàrá mi, òórùn náà pàdé rẹ̀, ó di férémù mú.

"Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rùn," ni ó wí. "Bẹ́ẹ̀ náà gan-an ni Màmá rùn."

"Mo mọ̀."

"Gòkè, jẹ́ kí wọ́n gé e. Mo bẹ̀ ọ́."

"Ẹ mọ ibi tí a ti ń bẹ̀ mí."

Ó wọlé dé ẹ̀gbẹ́ ẹní mi. Lẹ́yìn náà ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó fún Kúlúsúmù mú, ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀. "Gùn mí."

N kò retí ìyẹn. Ẹ̀gbọ́n kì í pọn àbúrò tó ti hu irùngbọ̀n. Mo ní n kò ní gùn ún, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ìyá mi tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kankan nínú èyí tí a sọ, ó rí ẹ̀yìn tí ó bẹ̀rẹ̀, ó ní, "Gùn ún."

Japheth pọ̀n mí gba inú Ọjà'ba kọjá lọ́sàn-án gangan. Àwọn ènìyàn ń dìde láti wò wá. Ó ń mí gúle-gúle, ẹ̀ẹ̀kan ló dúró láti gbé mi sókè dáadáa. N kò bá a kẹ́dùn. Ìyá mi ń tẹ ọ̀pá bọ̀ lẹ́yìn, Kúlúsúmù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ní ẹnu ọ̀nà ilé bàbá mi, ìyá mi dúró, ó fi ọwọ́ pa ògiri náà láti òkè dé ibi tí ọwọ́ rẹ̀ mọ. Ó ní, "Wọ́n ti tún un rẹ́." Ó wọlé.

Wọ́n gbé mi sórí ẹní. Gbogbo ilé jáde: Rachel, àwọn ọmọ, àwọn ìyàwó ilé tí wọ́n fẹ́ lẹ́yìn wa, tí wọ́n mọ orúkọ ìyá mi tí wọn kò mọ ojú rẹ̀. Japheth dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú rẹ̀, ó sì fi ẹnu sí ilẹ̀ sọ ọ́.

Ìyá mi wo ẹ̀yìn orí rẹ̀. "Kí ló ń wí fún ilẹ̀?"

Ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó ilé ní, "Bàbá Ràbíátù, ẹ bá a sọ fún wọn, ẹ̀yin ni wọ́n ń gbọ́ tiyín."

"Ọ̀rọ̀ mi kọ́," ni mo wí.

Japheth dìde lórí orúnkún. Ẹkún ti bo ojú rẹ̀. Ó ní, "Màmá mi ń ké. Oníṣègùn ní bí orúkọ bá jáde, á dákẹ́. Kò sẹ́ni tó fẹ́ dárúkọ ẹnì kan. Mo wo gbogbo yín, mo wá ẹni tí kò ní nà mí bí mo bá dárúkọ rẹ̀. Ẹ ò nà mí rí, Ìyá kékeré. Ìgbà tí ẹsẹ̀ Màmá wá dákẹ́, mo ní bóyá irọ́ náà ti di òótọ́."

Ìyá mi yí ojú sí mi. Mo mi orí pé rárá. Ó tún yí i padà sí Japheth, ó fi àtẹ́lẹwọ́ sẹ́yìn etí rẹ̀, ó sì tẹ̀ síwájú lórí ọ̀pá. "Etí mi ti lọ, ọmọ mi. Gbé ohùn sókè."

Japheth gbé orí sókè, ó mí sínú, ó sì fi gbogbo agbára ké e tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn tí ń kọjá lójú títì fi dúró: "Irọ́ ni mo pa mọ́ yín, Ìyá kékeré! N kò rí yín níbẹ̀! N kò rí ẹnì kankan!"